Gbígbé ilé bàbá fún estate surveyor tà: ibi tó dáa, ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹbí tó bá fẹ́ ta ilé bàbá wọn l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn lè pe ejẹ́ńtì àdúgbò, wọ́n sì lè gbé e fún estate surveyor, ìyẹn onímọ̀ ìdíyelé ilé àti ilẹ̀, tó ní òǹtẹ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí là ń gbé yẹ̀wò. Tó bá jẹ́ ti iye ilé, owó wọn tọ́ sí wọn. Tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹbí, ẹ má fi lé wọn lọ́wọ́.

Ìdíyelé ni wọ́n mọ̀ jù. Wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á yẹ òrùlé àti ògiri wò, wọ́n á wádìí iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ládùúgbò, kí wọ́n tó kọ iye kan sílẹ̀. Ó máa ń dun ẹbí, torí ilé alámọ̀ tí bàbá fi ọjọ́ ayé ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń kà. Ilẹ̀kùn ìrókò tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí kò ní í fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, kó jẹ́ kó wọ inú àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ilé, ó bá ilé lọ nìyẹn. Síbẹ̀, ìwé ìdíyelé wúlò, kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé wọ́n ta ilé lọ́pọ̀. Ẹ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó títà, torí bí títà bá forí ṣánpọ́n, kò ní í padà.

Ìwé ẹbí ló kù díẹ̀ káàtó. Púpọ̀ nínú wọn á béèrè aṣojú kan tàbí méjì, wọ́n á ní ó tó. Kò tó. Títa ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí náà bá sì dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Bàbá tó bímọ fún ìyàwó mẹ́rin ní ìdí-igi mẹ́rin; ẹ gba ìfọwọ́sí ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó parí ní ọdún 1962 ti fìdí àṣà ìdí-igi múlẹ̀. Bí bàbá bá ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù tàbí ó kọ ìwé ìpíngún, ọ̀tọ̀ ni tiyín, Probate, ẹ̀ka ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ogún olóògbé, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọmọ tó wà ní London ńkọ́? "Mo gbà" orí WhatsApp kì í ṣe ìfọwọ́sí. Kó ṣe ìwé aṣojú níwájú notary, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, kó fi ránṣẹ́.

Àṣà wọn kan tí a kò fara mọ́ ni pátákó "For Sale". Ìwé iṣẹ́ kò tí ì gbẹ tán tí wọ́n á ti rì í mọ́lẹ̀ lójú ọgbà. Fọ́tò ẹ̀ á ká gbogbo mọ̀lẹ́bí lọ́sẹ̀ yẹn náà, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún á sì wá fi ọ̀dà dúdú kọ "THIS HOUSE IS NOT FOR SALE" sára ògiri. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà náà á ṣì máa yọjú lábẹ́ ọ̀dà funfun. Olùrà tó bá rí i á já owó wálẹ̀, tàbí kó má padà wá mọ́. Kí ìwé ẹbí ṣíwájú, kí pátákó tẹ̀ lé e.

Fọ́ọ̀mù wọn kì í sábà béèrè sàréè. Bí bàbá bá sùn sínú ọgbà tàbí abẹ́ pálọ̀, ẹ sọ fún olùrà kó tó sanwó, kí ẹ sì kọ ẹni tó máa gbé e àti ìgbà tó máa gbé e sínú àdéhùn. Wọ́n ń gba àṣẹ kí wọ́n tó hú òkú o.

Lọ́yà tí ilé-iṣẹ́ surveyor bá mú wá, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ẹ mú tiyín. Òun ló máa rí sí àṣẹ gómìnà tí abala 22 òfin ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè, òun ló sì máa rí i pé gbogbo owó kò wọ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. L'Ékòó, ẹ san gbèsè land use charge, ìyẹn owó ilé àti ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà, àti ti iná kí ẹ tó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ olùrà á yọ ọ́ nínú owó tó kù.