Pálọ̀ tí wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì: oṣù mẹ́fà mi nínú ìjọ inú ilé, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu wá ìràwọ̀ kiri nísàlẹ̀, mẹ́rin ni mo fún wọn, ọ̀kan tó kù màá sọ ibi tó sá lọ.

Oṣù mẹ́fà rèé tí mo ti ń lọ síjọ kan tó ń pàdé nínú ilé. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò kúkú lórúkọ, wọn ò ní sáìnbọ́ọ̀dù, àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la wà níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, a ti lé lógún báyìí (ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀). Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni mo ti ń bọ̀, níbi téèyàn lè máa wọlé máa jáde fọ́dún kan gbáko kẹ́nikẹ́ni má mọ orúkọ ẹ̀, àga ẹ̀yìn pátápátá ni tèmi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn ká sòótọ́. Pálọ̀ ò ní àga ẹ̀yìn. Ohun tó já mi láyà jù nìyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mò ń wo bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú lọ́hùn-ún, mo ti ní kí n kúkú máa padà sílé jẹ́jẹ́ mi, àfi bí ọmọ kékeré kan ṣe ṣílẹ̀kùn gbayawu tó figbe ta pé "Ẹnìkan ti dé o!" ló bá sá wọlé padà, kò tiẹ̀ kí mi. Bí wọ́n ṣe gbà mí lálejò nìyẹn o. Kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù sí, kò sí "àwọn àlejò wa ẹ dìde ká rí yín". Màmá tó nilé jáde, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká wọn, wọ́n béèrè orúkọ mi, wọ́n wá ní "Ẹ má jókòó sórí aláwọ̀ ewé yẹn o, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń mì." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹni tó lè fi àga tó bàjẹ́ nílé ẹ̀ han àlejò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kanra, àṣehàn ò sí lọ́rọ̀ ẹ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan sún mọ́ mi, ó rọra sọ bó ṣe máa lọ fún mi: a máa kọrin díẹ̀, a máa ka Bíbélì, ẹni tó bá ní nǹkan á sọ ọ́, kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ wò ó, ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọ inú ilé ò rántí. Mo ti lọ sí òmíràn ṣáájú èyí, wọ́n jókòó yípo wọ́n ń gbàdúrà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa kàn mí, àfìgbà tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́ tí mo lajú tí mo rí i pé èmi ni wọ́n ń retí. "Àmín" nìkan ló jáde lẹ́nu mi. Mi ò débẹ̀ mọ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n o, ohun tó ti mọ́ wọn lára ni wọn ò rántí pé ó ṣókùnkùn sí ẹni tuntun.

Ṣùgbọ́n ìkíni ọjọ́ kìíní ò le, ta ni ò lè rẹ́rìn-ín séèyàn lọ́jọ́ kan? Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kẹ́ ẹ wò. Bàbá àgbà kan wà láàárín wa tí wọ́n máa ń kọ ohun tí kálukú ní ká bá òun gbàdúrà sí sínú jọ́tà kan tó ti gbó, tó bá tún di ọ̀sẹ̀ wọ́n á ṣí i wọ́n á máa bi wá níkọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ kejì mo ti sọ ọ́ gbẹ̀rẹ́ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lè lọ, nírọ̀lẹ́ bàbá yìí pè mí. Wọn ò ní "a ò rí yín", wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ìpàdé. "Ojú màmá ńkọ́?" Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn. (Àwọn ọmọ ìjọ John Wesley, oníwàásù tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ṣẹ̀, náà ṣèèṣì rí irú ẹ̀ ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1742 ni: gbèsè ilé ìjọsìn ló wà nílẹ̀, wọ́n pín ara wọn ní méjìlá méjìlá, kí ẹnìkan máa gba pẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn yòókù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ibi tó ti ń gbowó kiri ló ti ń rí bí nǹkan ṣe rí nílé oníkálukú.)

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan abọ́. A máa ń jẹun pọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo fẹ́ gbé abọ́ mi, wọ́n ní "ẹ jókòó jàre". Nígbà tó yá, obìnrin ọjọ́sí ju aṣọ ìnubọ́ sí mi, ó ní "Ẹ bá wa nu ìwọ̀nyí." Mo mọ̀ pé mi ò ṣe àlejò mọ́ nìyẹn. Kíṣìn yẹn gan-an lẹnìkan ti sọ fún mi pé òun náà fẹ́ẹ́ sá lọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ wá.

Ó yá, ìràwọ̀ tó sá lọ. Ogún tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, pálọ̀ ò gbà wá mọ́, ẹni tuntun tó bá pẹ́ dé, kọ́rídọ̀ ló ń jókòó sí, ẹ̀yìn orí èèyàn ló ń wò. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ ká pín sílé méjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a lábàá torí a ti fẹ́ràn ara wa jù. Ìṣòro ọjọ́ pẹ́ ni ṣá. Ní Dura-Europos, ìlú àtijọ́ kan ní Síríà, ní ọ̀rúndún kẹta, ṣe làwọn onígbàgbọ́ wó ògiri àárín yàrá méjì nínú ilé tí wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì kí èèyàn lè gbà, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú ahoro ilé náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ka Róòmù orí 16, Pọ́ọ̀lù kí ìjọ tó wà nílé Priskila àti Akuila, kò dúró síbẹ̀, ó tún kí àwọn mìíràn pẹ̀lú àwọn ará tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ìlú kan náà, ó ju ilé kan lọ.

Wọ́n tún ní àwàdà tí wọ́n máa ń dá láàárín ara wọn, ẹnìkan á kàn ní "bíi ti ọjọ́ òjò yẹn", gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tuntun á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí adití. Àkókò ìparí náà ò sí, Yutiku tó sùn tó já bọ́ láti ojú fèrèsé nígbà ìwàásù Pọ́ọ̀lù, mo ti ń káàánú ẹ̀ gan. Owó ní tiẹ̀, èèyàn méjì ló ń kà á lójú gbogbo wa, ìyẹn dáa, ẹ máa wo ìyẹn níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé, ó wò yí ká, ó forí lé ibi àga aláwọ̀ ewé. Mo ti sọ̀rọ̀ kí n tó mọ̀: "Ẹ má jókòó síbẹ̀ o, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń mì." Oṣù mẹ́fà, wọn ò tíì tún un ṣe.