Jinwinini, Croton, Ixora àti Àwọn Yòókù: Ìfiwéra Ewéko Aláràbarà fún Ẹ̀yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra òdòdó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ sábà máa ń lọ bá àwọn tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, tí gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú ń tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ewéko tí kì í rẹwà lójú òjò. Oṣù Kìn-ín-ní ló yẹ kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: òjò ti dá tipẹ́, ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀ títí ó fi ń sán, omi kànga ti lọ sísàlẹ̀, àwọn ará ilé sì ń ṣírò iye korobá tí wọn yóò fi fọṣọ kí wọ́n tó rántí òdòdó. Orí ìbéèrè kan ni ìfiwéra yìí dá lé: nínú àwọn ewéko aláwọ̀ tí a ń rí rà nítòsí, èwo ló máa pa àwọ̀ rẹ̀ mọ́ wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn láìsọ olówó rẹ̀ di ẹrú?

Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò ní àyè láti máa bomi rin ebè lójoojúmọ́, ewé aláwọ̀ ni kó fi ṣe ìpìlẹ̀, kó wá há olódòdó díẹ̀ sáàárín rẹ̀. Òdòdó a máa rẹ̀ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ewé ń bẹ lórí igi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Àwọn méjì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni jinwinini àti croton. Ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì, ẹ̀gẹ́ àti lápálápá sì wà nínú ẹbí ọ̀hún. Jinwinini kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa, torí àwọn ìyá wa ti ń já a fi wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ ń sú tipẹ́tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì ló ti ṣẹ̀ wá. Ewé rẹ̀ dà bí bàbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, pupa, píǹkì àti àwọ̀ ẹ̀dọ̀ a sì dà pọ̀ lára rẹ̀ débi pé ewé méjì lórí ẹ̀ka kan kì í bára mu. Ewé croton ní tirẹ̀ nípọn, ó ń dán bí ohun tí a fi òróró pa, iṣan ìyeyè tàbí pupa a sì là á já láti ìdí dé ṣóńṣó.

Tí ẹ bá ń wo owó, jinwinini ló borí, nítorí igi kan ṣoṣo lè di odidi ebè. Ọ̀kan péré ni mo rà nígbà tí a kó dé ilé wa ní agbègbè Arówómọlé. Nígbà tí òjò oṣù Karùn-ún fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo gé ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, mo já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, mo sì ki wọ́n bọ ilẹ̀ ní ìdàjì bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́. Nínú 11 tí mo gbìn, 8 ló hù. Croton náà ṣeé gé gbìn, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra, ó sì sábà máa ń gbọn ewé dànù tí a bá ṣí i nípò, èyí tó ń mú kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á rò pé ó ti kú. Àmọ́ tó bá ti mú ilẹ̀, croton kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́: kò béèrè pé kí a máa gé e lórí. Jinwinini kò rí bẹ́ẹ̀, torí tí ẹ kò bá rẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, yóò ga gọgọrọ, ìdí rẹ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀ láìsí ewé. Oòrùn gangan ni àwọn méjèèjì fẹ́. Croton tí a gbìn sábẹ́ igi máńgòrò yóò yè, ṣùgbọ́n ewé tútù lásán ni yóò máa yọ, owó tí ẹ san lórí àwọ̀ yóò sì ti wọmi. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún oje croton, nítorí ó ń ta ara àwọn ẹlòmíràn, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ.

Ixora ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí, n kò sì dá wọn lẹ́bi, torí pé ìdì òdòdó rẹ̀ pupa fòò, ó sì kún dẹ́dẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi ju àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ, kò sì fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì rárá. Mẹ́rin ni mo gbìn sí ẹsẹ̀ ògiri tuntun, níbi tí àwọn bíríkìlà da àpólà búlọ́ọ̀kù àti àjẹkù sìmẹ́ǹtì sí. Kí ọdún tó yípo, ewé wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù. Ajílẹ̀ tí mo ń dà sí i kò ràn án, nítorí pé ilẹ̀ tó kan díẹ̀, ìyẹn tó ní ásíìdì, ni ixora fẹ́, ẹfun inú sìmẹ́ǹtì sì ń dí i lọ́wọ́ láti fa èròjà irin (iron) inú ilẹ̀ mu. Nígbà tí mo wú méjì nínú wọn lọ sí àárín ọgbà, ewé tuntun tó yọ dúdú mìnìjọ̀. Tí ilé yín bá jẹ́ tuntun, ẹ jìnnà sí ògiri tàbí kí ẹ fi ixora sílẹ̀.

Bougainvillea yàtọ̀ sí gbogbo wọn, torí pé ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni àsìkò tirẹ̀. Bràsíl ló ti wá, orúkọ atukọ̀ òkun ará Faransé kan, Louis-Antoine de Bougainville, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ohun tí a ń pè ní òdòdó rẹ̀ kì í ṣe òdòdó: ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta ni, òdòdó gidi ni ohun funfun tín-ín-rín tó wà láàárín wọn. Bí ẹ bá ń bomi rin ín jù, ewé tútù ni yóò kó sórí. Ẹ̀gún rẹ̀ mú, ó sì ń nà kiri, nítorí náà ara ọgbà ni kó wà. Ẹni tó bá gbìn ín sínú ebè tí ọmọdé ń ṣeré yí ká kò ṣe dáadáa.

Fún iwájú ebè, periwinkle ti Madagásíkà ni mo fara mọ́, olódòdó píǹkì àti funfun. Èyí ló rọ̀ jù láti rà, ó ń hù fúnra rẹ̀ látinú èso tó bá já sílẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò wa kì í sì í fẹnu kàn án. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹni tó bá ṣe é ní àgbo mu nílé, ẹ jọ̀wọ́. Ìdò, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò yẹ fún ebè tó ń gbẹ, àfi ibi tí omi ilé ìwẹ̀ bá ń ṣàn sí.

Abẹ́ igi máńgòrò ló kù, ilé Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò sì ní igi náà kò pọ̀. Pèrègún tí ìlà ìyeyè gba àárín ewé rẹ̀ ń ṣe dáadáa lábẹ́ òjìji, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjá ìkookò tí etí ewé rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ọjá ìkookò lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrí omi, omi àpọ̀jù ló ń pa á. Ohun kan wà tí àwọn olùtà kì í sọ: bí ẹ bá gé ewé rẹ̀ gbìn, ọmọ tí yóò hù kò ní ní etí ìyeyè yẹn mọ́, tútù lásán ni yóò jẹ́. Gbòǹgbò ìdí rẹ̀ ni kí ẹ pín gbìn.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùtà, ẹ ní kó gbé ọ̀rá náà sókè kí ẹ tó dúnàádúrà. Bí gbòǹgbò bá ti lu ìdí ọ̀rá wọ ilẹ̀, yóò já nígbà tí wọ́n bá fà á tu, igi náà yóò sì rọ kí ẹ tó délé. Ẹ yí ewé padà wo abẹ́ rẹ̀, bóyá kòkòrò funfun bí òwú wà níbẹ̀. Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà ló dára jù láti gbìn, kí gbòǹgbò lè ti wọlẹ̀ jìnnà kí òjò tó dá. Ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà, ẹ má fa igi yọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 sáàárín jinwinini kan sí èkejì, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ebè láìjẹ́ kó kan ìdí igi, nítorí ikán. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ máa da omi sí ìdí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀. Láti ọdún kejì, jinwinini àti croton tèmi kì í gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.