Páǹpù ọwọ́ Medela Harmony: ó dára, bí ẹ bá gbé e jáde lásìkò

Ilé iṣẹ́ Medela ti ilẹ̀ Switzerland ló ń ṣe páǹpù yìí. Kò lo iná, kò lo bátìrì, ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, oore ńlá nìyẹn fún ìyá ìkókó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé e jáde nígbà tí kò yẹ, tí wọ́n á sì gbà pé omi ọmú àwọn ti gbẹ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ kẹfà àti oṣù kẹta ni àṣìṣe yìí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24 á kàn ṣàdédé máa béèrè ní wákàtí wákàtí, pàápàá láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Á mu, á já a sílẹ̀, á ké, á tún mu. Àwọn àgbà ilé á ní, "Ọmú ẹ ò yó ọmọ yìí mọ́, lọ po mílíìkì agolo fún un." Ìyá á gbé páǹpù, á rí 30 ml, àyà rẹ̀ á já.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán, 15 sí 60 ml láti inú ọmú méjèèjì kò kéré rárá. Mímu lemọ́lemọ́ yẹn gan-an ló ń mú kí omi ọmú pọ̀ sí i. Ìlédìí ni kẹ́ ẹ máa kà: láti ọjọ́ karùn-ún, ó kéré tán ìlédìí 6 tó rin fún ìtọ̀ lójúmọ́, kí ọmọ sì máa sanra. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ọmú bá sì rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò gbẹ o. Ó ti mọ ìwọ̀n ohun tí ọmọ ń mu ni.

Ìgbà tí ìyá bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ni páǹpù yìí ń jẹ́ páǹpù. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́, ìyẹn sì tó ẹ fi fún omi ọmú tán.

Ẹ kọ́kọ́ se àwọn ẹ̀yà páǹpù náà nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ fi apá kúkúrú lára ọwọ́ páǹpù tẹ̀ ẹ́ kíákíá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí omi ọmú á fi sọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yí i, kí ẹ máa fi apá gígùn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ́mú kan. Bí ó bá ń dunni, kì í ṣe ohun àmúmọ́ra: àrọ rẹ̀, ibi tí ẹ ń fi bo orí ọmú, ni kò bá yín mu. Ti 24 mm ló sábà máa ń wà nínú páálí. Bí orí ọmú bá ń ha ògiri àrọ, ẹ wá ti 27, bí ó bá ń fa awọ dúdú àyíká rẹ̀ wọlé púpọ̀, ẹ wá ti 21.

Bí ó bá dédé kọ̀ tí kò fà mọ́, ẹ wo fáàfù kékeré aláwọ̀ ìyeyè, níbi tí rọ́bà funfun pẹlẹbẹ kan wà. Ẹ gbé rọ́bà náà sójú ìmọ́lẹ̀. Yíya tín-tín bí irun ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá sì lẹ̀ mọ́ fáàfù dáadáa, bákan náà ni. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ra àfirọ́pò rẹ̀ sílẹ̀.

Wákàtí 4 ni omi ọmú lè fi wà níta bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 25°C lọ, yàrá wa sì sábà máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú kúlà tí yìnyín dídì wà, wákàtí 24. Nínú fíríìjì tí iná kò já lórí rẹ̀, ọjọ́ 4.

Fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì lè mu ọmú, tó ní láti fún omi ọmú jáde ní ìgbà 8 lóòjọ́, oníná tó ń fa ọmú méjèèjì pọ̀ la fẹ́; ti ọwọ́ yìí á mú kí ọrùn ọwọ́ máa ro ó. Èyí tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà bíi fèrè kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, ẹ má ra á rárá: omi ọmú ń wọ inú bọ́ọ̀lù náà, inú rẹ̀ kò sì ṣeé fọ̀.