Dáínámò vóòtì 6, dáínámò vóòtì 12 àbí alternator: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà fún Ìjàpá yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá Volkswagen Ìjàpá rà, àti ẹ̀yin tí tiyín wà nílẹ̀ àmọ́ tí dáínámò ẹ̀ ti kú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó. Dáínámò ló ń mú iná wá fún mọ́tò, òun náà ló ń kún bátìrì; alternator ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ wọ́n tò ó lọ́nà míì. Iye amp (bí iná tó ń gba wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó) tí wọ́n kọ sára dáínámò, ibi tí ooru ò ti ní jó o ló ń sọ fún yín. Ó lè mú jù bẹ́ẹ̀ wá fún ìgbà díẹ̀ o, àmọ́ kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ òórùn. Tí amp bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Nínú dáínámò, kọ́ìlì tó ń mú iná wá ló ń yí láàárín, gbogbo iná yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gba ojú commutator (bàbà roboto tó ń bá kọ́ìlì yí) àti kábọ̀n tó ń fara kàn án kọjá, ooru ò wá rọ́nà jáde, bíi ti ẹni tí èrò há mọ́ àárín mólùẹ́. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ commutator á yọ́, á ta káàkiri inú ẹ̀, ó tán.

Èyí tó ń lo vóòtì 6, tó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ Amẹ́ríkà títí dé módẹ́ẹ̀lì 1966, amp 30 ni, wáàtì 180. Iná iwájú méjèèjì tó bá jẹ wáàtì 90, amp 15 ti lọ, ìdajì gbáko! Ẹ fi í sílẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí mọ́tò wà bó ṣe jáde láti kọ́ńpìnnì.

Vóòtì 12 tó dé ní 1967 sàn gan-an: amp 30 náà ni àmọ́ wáàtì 360, iná iwájú kan náà ò sì ní jẹ ju amp 7 ààbọ̀ lọ. Ìṣòro ẹ̀ ni gó-sìlóò alẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́, dáínámò ò mú nǹkan gidi wá, bátìrì ló ń gbé iná, tí ọ̀nà bá wá là, dáínámò á máa gbé iná, á tún máa kún bátìrì, á gbóná fún ìgbà pípẹ́. Rìwáyà kan bá mi yí regulator (ohun tó ń díwọ̀n iná tí dáínámò ń mú wá) sókè nítorí rédíò ńlá tí mo rà, lẹ́ẹ̀dì inú dáínámò mi yọ́ lọ́nà Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín, torí pé orí ọ̀pá dáínámò yẹn gan-an ni fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, tó bá há, fáànù náà dúró nìyẹn.

Alternator ni èmi máa rà. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1973, bí amp 50. Kọ́ìlì tó ń mú iná wá dúró sójú kan lára páànù ìta, ooru ń ríbi jáde, ìwọ̀nba amp díẹ̀ ló ń gba kábọ̀n kọjá, ó sì ń kún bátìrì nínú gó-sìlóò. Diode inú ẹ̀ (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ò fẹ́ràn ooru náà, ẹ má sì yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣírò owó stand tó ń gbé e dúró àti pléètì ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ọn, kí rìwáyà sì yọ regulator àtijọ́ kúrò.

Tó bá jẹ́ dáínámò tòkunbọ̀ lowó yín ká, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ihò kábọ̀n. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́ẹ̀dì tó ta wínníwínní sínú ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.