Kọ̀ǹpútà Àlòkù, Díìṣì Orí Òrùlé àti Tvheadend: Oṣù Mẹ́jọ ní Kubwa

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni a ní nínú ilé wa ní Kubwa, àwọn tí ó sì fẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ pọ̀. Màmá mi, tí ó ti Ọ̀yọ́ wá bá wa gbé, kò fẹ́ kí ìròyìn NTA ti aago mẹ́sàn-án alẹ́ fo òun, bẹ́ẹ̀ ni aago mẹ́sàn-án gan-an ni oorun máa ń gbé e lọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn Arewa24, ìkànnì èdè Hausa tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé Hausa tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ já geere ju èyí tí a ń fi nájà lọ. Iná tún ń lọ nígbà tí ó bá wù ú. Ohun tí mo ń wá ni ẹ̀rọ tí yóò máa gba ètò sílẹ̀ ní àkókò tí wọ́n bá ń ṣe é, kí oníkálukú lè wò ó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Mo gbé Dell OptiPlex kan tí ó ti wà lábẹ́ tábìlì láti ìgbà tí mo ti ra laptop, mo fi Tvheadend sí i, mo sì ti ń lò ó fún oṣù mẹ́jọ báyìí.

Tvheadend jẹ́ sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe. Ohun tí tuner, ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gba ìgbì díìṣì wọ kọ̀ǹpútà, bá mú wá ni ó ń gbà, tí ó ń tò sí ìkànnì-ìkànnì. Yóò kọ èyí tí a bá ní kí ó kọ sórí hard disk ní àkókò tí a dá fún un, yóò sì pín in fún fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n tí ó bá wà lórí Wi-Fi ilé. Inú browser ni a ti ń bá a ṣètò, lórí port 9981, Kodi, sọ́fítíwia tí a fi ń wo fídíò, ni a sì fi ń wo ohun tí ó bá gbà sílẹ̀. MythTV, sọ́fítíwia mìíràn fún irú iṣẹ́ yìí tí Isaac Richards bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn, nítorí pé ó lójú tirẹ̀ tí a fi ń wo nǹkan tààrà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ó nílò database tí yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, mo sì rí i pé Tvheadend fúyẹ́ jù ú lọ fún kọ̀ǹpútà Core 2 Duo tí RAM rẹ̀ kò ju 4 GB lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo sọ fún ni ó gbà pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó lè ṣe é dáadáa. Ilé iṣẹ́ tí ó ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ ti fún àwòrán náà pọ̀ kí ó tó rán an sí sátẹ́láìtì, nítorí náà kọ̀ǹpútà kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe ju pé kí ó kó o bí ó ṣe dé, kí ó sì tò ó sórí disk. Ìkànnì tí ó bá ń lo megabit 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba nǹkan bíi megabyte 900 fún wákàtí kan. Èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, tí ó ń lo megabit 8, yóò gba gigabyte 3.6. Disk 250 GB tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi ti tó wa. Ìgbà tí a bá fẹ́ wo àwòrán ni agbára ń di ọ̀ràn, nítorí pé ìgbà náà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tú ohun tí wọ́n fún pọ̀. Kọ̀ǹpútà mi máa ń mí gúlegúle tí mo bá fi í wo ìkànnì tí ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n fóònù ìyàwó mi ń gbé ohun kan náà láìsí wàhálà.

Ohun kan wà tí ó yà mí lẹ́nu gidigidi. Mo rò pé tuner kan kò lè gba ju ètò kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì orí sátẹ́láìtì kì í dá rìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń wọ transponder kan náà, ẹ̀rọ tí ó ń rán ìgbì wá sísàlẹ̀ láti orí sátẹ́láìtì, bí èrò ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà láti Kubwa lọ sí Berger. Bí tuner bá ti dúró de bọ́ọ̀sì náà, Tvheadend lè mú èrò méjì tàbí mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ papọ̀. Bí ètò kejì bá wà lórí transponder mìíràn, a nílò tuner kejì.

Tuner yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ ná mi lówó lásán. Ṣọ́ọ̀bù kan ta ọ̀kan fún mi tí wọ́n kọ DVB-S2, ọ̀nà tuntun tí a fi ń rán ètò láti sátẹ́láìtì, sí lára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n DVB-S lásán, ọ̀nà àtijọ́, ni ó wà nínú rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń tún díìṣì yí, tí mo ń dá ara mi lẹ́bi, nítorí pé àwọn ìkànnì díẹ̀ ń wọlé, àwọn yòókù kò sì wọlé rárá. DVB-S kò lè ka ohun tí wọ́n bá fi S2 rán. Bí a ti wù kí a yí díìṣì tó, kò lè yí i padà. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti tú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tuner, kí ó ní kí wọ́n fi í sí kọ̀ǹpútà lójú rẹ̀, kí ó sì ka ohun tí Linux bá pè é kí ó tó sanwó. Èyí tí mo ń lò báyìí jẹ́ àpótí kékeré tí ó ń wọ USB, ó sì ní adaptor iná tirẹ̀.

Màmá mi ní dikódà kan tí ó ń lo díìṣì kan náà. Mo kọ́kọ́ fi splitter pín wáyà náà sí méjì, a sì ń fi ìkànnì gba ara wa lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń rán volt 13 tàbí 18 gòkè láti sọ fún LNB, orí tí ó ń gba ìgbì níwájú díìṣì, irú ìgbì tí ó fẹ́, LNB kan kò sì lè gbọ́ àṣẹ méjì tí ó tako ara wọn. LNB onílà méjì ni ó yanjú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka èyí fi sọ́kàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ aago. Ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ìgbàsílẹ̀ wa ṣàdédé ń bọ̀ sí òdì. A dá ìròyìn, a bá ìpolówó ọṣẹ àti apá ìparí eré mìíràn níbẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, kò gba nǹkan kan. Mo pa Tvheadend rẹ́, mo tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ìyàtọ̀. Mo wá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìsẹ́yìn kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Banex, ní Wuse 2. Ó tú ìdérí rẹ̀, ó fẹ́ eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan kúrò lára fáànù, ó sì fi ìka kan bátìrì róbótó kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, CR2032. Ó fi mítà sí i. Volt mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan àti díẹ̀ ni ó kù.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá sọ́fítíwia yín lẹ́bi. Bátìrì yìí ló ti kú. Tí iná bá ti lọ, kò rántí ohun tí aago sọ mọ́.”

Mo ní, “Ṣùgbọ́n ó máa ń rí aago gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.”

Ó béèrè pé, “Ṣé data máa ń wà lórí MiFi yín lójoojúmọ́ ni?”

Kì í sí. Ní àwọn alẹ́ tí data bá ti tán, kọ̀ǹpútà náà yóò jí pẹ̀lú aago tí ó ti wà lẹ́yìn, yóò sì fi òótọ́ inú gba ohun tí a kò rán an sílẹ̀. Ó pààrọ̀ bátìrì náà ní ìṣẹ́jú méjì. Láti ọjọ́ náà, aago kò tíì yẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà tí ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ jáde, kí ó pààrọ̀ bátìrì yìí kí ó tó fi sọ́fítíwia kankan sí i.

Iná ni ó tẹ̀ lé e. Mo fi mítà wọn kọ̀ǹpútà mi, ó ń jẹ nǹkan bíi watt 60 nígbà tí ó bá ń gba ètò sílẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, yúnìtì 1.44 ni yóò jẹ lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì kan fún àwa tí a wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, dé náírà 225; ní iye yẹn, kọ̀ǹpútà tí kò sùn yóò jẹ náírà 324 lójúmọ́, èyí tí ó ń lọ sí 9,720 lóṣù. Owó yẹn pọ̀ jù fún ohun tí kò ju ìròyìn àti eré ọmọdé lọ. Inú BIOS Dell, ètò inú kọ̀ǹpútà tí ó máa ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó gbéra, ni mo ti rí ojútùú: ibẹ̀ ni a ti lè ní kí ó máa tan ara rẹ̀ ní wákàtí kan pàtó lójoojúmọ́. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní alẹ́ ni tiwa ń jí, Linux yóò sì pa á ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wákàtí mẹ́rin péré, náírà 54 lójúmọ́. Bí a bá fẹ́ wo nǹkan lọ́sàn-án, a ó tẹ bọ́tìnì. Ibì kan náà nínú BIOS ni mo ti yan kí ó tan ara rẹ̀ bí iná bá lọ tí ó sì padà dé.

Inverter ni ó ń gbé e nígbà tí iná bá lọ. Alẹ́ kan wà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ geere, síbẹ̀ tí kò rí ìkànnì kankan, nítorí pé adaptor tuner wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí lórí ìlà inverter. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Ohun tí mo sì yin Tvheadend fún ni pé fáìlì .ts ni ó ń kọ ìgbàsílẹ̀ sí bí a bá fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Bí iná bá já ní ìdajì ìròyìn, ìdajì tí ó ti gbà yóò ṣì ṣeé wò, nígbà tí fáìlì MP4 tí kò parí kì í sábàá ṣí rárá.

Àkókò tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá kéde kì í fi ìgbà gbogbo bá àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mu. Tvheadend gbà kí a fi ìṣẹ́jú kún iwájú àti ẹ̀yìn ètò. Márùn-ún ni mo fi síwájú, ogún ni mo fi sẹ́yìn, a kò sì tíì pàdánù ìparí ìròyìn láti ìgbà náà. Òjò ni kò ní ojútùú. Díìṣì tiwa, tí ó ń lo ìgbì Ku tí òjò máa ń dí, máa ń fọ́jú bí òjò ńlá bá ṣú sórí Abuja, àwòrán yóò sì já síwẹ́wẹ́ títí tí yóò fi dá.

Àwọn ìkànnì tí a ń sanwó fún, irú bíi Africa Magic Yoruba, wà ní títì pa. Tuner yìí kò lè ṣí wọn. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé tìtorí wọn nìkan ni ó ṣe ń ronú irú iṣẹ́ yìí, kí ó má ṣe náwó sí i. Ojú ewé ìṣètò Tvheadend pẹ̀lú kò rọrùn fún ẹni tí kò mọ ohun tí mux túmọ̀ sí, èyíinì ni àpapọ̀ àwọn ìkànnì tí transponder kan gbé. Ọjọ́ méjì ni ó gbà mí kí ó tó yé mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, mi ò nílò láti ṣí i mọ́.

Màmá mi kò mọ̀ pé Tvheadend wà. Lẹ́yìn ìrun Ṣùbúù, yóò mú rìmóòtù, yóò tẹ ọ̀nà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú Kodi, ìròyìn alẹ́ àná yóò sì bẹ̀rẹ̀ bí ó ti ń mu ẹ̀kọ rẹ̀.