Fern Méjì fún Ẹ̀yìnkùlé Tí Oòrùn Kì í Dé

Ẹ̀yìnkùlé wa ní London kì í rí oòrùn. Ògiri bíríkì àtijọ́ ti dí i pa. Fern (ewéko tí kì í tanná) méjì tí ewé wọn kì í gbẹ tán nígbà òtútù ni mo ń wò. Kò sí èyí tó sábà ga ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Hart's tongue, ahọ́n àgbọ̀nrín: ewé rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó ń dán, kò sì ya wẹ́wẹ́ bíi ti fern yòókù. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ìlà pupa rúsúrúsú tó tò lọ́tùn-ún lósì bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Ó fẹ́ràn ẹfun, irú èyí tó wà nínú àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ bíríkì láyé àtijọ́, ìyẹn ló fi ń hù láàárín bíríkì ògiri àtijọ́.

Hard fern kò fẹ́ ẹfun rárá, ilẹ̀ tó kan díẹ̀, ìyẹn tó ní ásíìdì díẹ̀, ló ń wá. Ewé rẹ̀ rí bí òòyà. Àwọn tó dúró ṣánṣán láàárín á kú nígbà òtútù, àwọn tó tẹ́ sílẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ògiri wa ti yàn fún mi: ahọ́n àgbọ̀nrín ni. Ṣùgbọ́n bí rhododendron, igi òdòdó tí òun náà fẹ́ ilẹ̀ tó kan, bá ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín, hard fern ni kí ẹ gbìn.