Èédú tàbí gáàsì: èwo ló bá àpò wa mu ní Kàbà?

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò sókè, tí oúnjẹ àti gáàsì sì tẹ̀lé e. Ládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ ilé ti padà sídìí àdògán.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú èédú ni pé owó kékeré ń rà á. Ọ̀rá kan á se ẹ̀wà jinná, ẹyin iná tó bá ṣẹ́kù á sì mú omi ìwẹ̀ ọmọ lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà ọyẹ́. Àmọ́ láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ń múra ilé ìwé, èmi nìkan ni mo mọ bí mo ṣe ń fi páálí fẹ́ ẹ títí ojú mi á fi pọ́n. Bí òjò bá sì pa á, ó di wàhálà. Ẹ má gbé e wọ yàrá tí ẹ ti tilẹ̀kùn o! Èéfín rẹ̀ tí a kì í rí ń pa ẹni tó ń sùn.

Gáàsì ò ní wàhálà yẹn: ẹ yí i, ó tàn, ẹ pa á, ó tán. Owó ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dẹ́rù bani. Ta ló fẹ́ rọ sílíńdà kílò 12.5 kún báyìí? Kílò kan tàbí méjì ni mò ń rọ̀, mo sì máa ń wo òṣùwọ̀n dáadáa.

Nílé mi, tíì àti ẹyin díndín ni ti gáàsì. Ẹ̀wà, tí mo ti rẹ sómi láti alẹ́, ni ti èédú.